Mo Ní Kí Wọ́n Fi Téèpù Bo Iná Mọ́tò Mi Lójú: Ohun Tójú Mi Rí Lọ́nà Ọ̀yọ́ Rèé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni fún mi. Ìyá àwọn ọmọ mi tiẹ̀ ní kí n má kọ ọ́ síta, ó ní àwọn èèyàn yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kí wọ́n máa fi mí ṣe é. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú yín bá tipa ọ̀rọ̀ mi yìí bọ́ lọ́wọ́ irú ohun tó ṣe mí, ẹ̀rín tí ẹ bá rín kò ní dùn mí rárá.

Tíṣà ni mí n'Ìbàdàn níbí. Lọ́dún 2019 ni mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, mo fi ra ọkọ̀ Tòkunbọ̀ kékeré kan tó ti Amẹ́ríkà wá, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2006. N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é, nítorí ọkọ̀ náà kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Òun ni mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́, òun ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, ìyá wọn náà a sì máa fi kó ọjà láti Bódìjà. Nígbà tí ìjọba wá yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà bẹntiróòlù kan fò láti iye tí kò tó 200 náírà lọ sí nǹkan bíi 500, owó oṣù tíṣà kò lè gbọ́ bùkátà ọkọ̀ náà mọ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe kábúkábú nírọ̀lẹ́ àti lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ má bú mi o. Tíṣà náà ní ikùn.

INÁ NÁÀ YỌJÚ

Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2023 náà ni iná kan tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù mi. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n, ó sì rí bí àwòrán ẹ́ńjìnnì kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa, "check engine" ni gbogbo ayé ń pè é. Mọ́tò kò kú, kò jánà, kò pariwo. Iná náà kàn ń wò mí ni, bí ẹni tó wá dógò ti onígbèsè.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ makánííkì àdúgbò wa tó ti ń bá mi tún un ṣe láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Tíṣà, púlọ́ọ̀gì ni." Mo ra púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, 12,000 náírà. Ó pààrọ̀ wọn, ó yọ orí bátìrì sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó dá a padà. Iná kú! Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lówó omi. Lọ́jọ́ kẹrin, bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bíríìjì Mọ́kọ́lá, iná náà tún tàn.

Mo padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní ó ní láti jẹ́ epo burúkú. Ó rán mi létí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí wọ́n kó epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, tí mọ́tò àwọn èèyàn ń kú káàkiri. Mo gbà á gbọ́, torí ojú èmi náà ló ṣe. A fa epo inú táǹkì jáde, ó tú nọ́súlù, ó fọ̀ ọ́. Ó di 15,000 náírà. Iná kú. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó padà.

Àwọn èèyàn wá gbà mí nímọ̀ràn pé ayé ti kọjá ká máa tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, pé kí n lọ rí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà. Mo rí ọmọkùnrin kan, ó tọwọ́ bọ abẹ́ sítíárìn, ó ki wáyà rẹ̀ bọ ihò kan báyìí, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó sì fi báírò kọ nǹkan sórí pépà pélébé kan: P0171. Ó ní, "Ọ̀gá, sẹ́ńsọ̀ tó wà lára sàlẹ́ńsà yín ló ti kú." Mo dé ọjà páàtì ní Agodi Gate, mo ra sẹ́ńsọ̀ ní 25,000 náírà, mo fún un ní 5,000 owó iṣẹ́. Ó fi kọ̀ǹpútà pa iná náà. Mo sọ pépà yẹn sínú àpótí kékeré iwájú mọ́tò, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ̀yin má gbàgbé pépà náà o, a ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà, iná padà.

Láti ìgbà náà ló ti di pé bí iná bá tàn, ma pe ọmọkùnrin yìí, yóò fi wáyà rẹ̀ sí i, yóò pa á, ma fún un ní 3,000 náírà. Láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kejìlá, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló pa iná náà fún mi. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé o, ṣùgbọ́n n kò jókòó ṣírò tèmi.

Ẹlòmíràn tún yọjú. Ó ní ohun kan wà lábẹ́ mọ́tò mi tí wọ́n ń pè ní kátálíìsì, pé òun ló ń fa gbogbo wàhálà. Ó ní kí n jẹ́ kí òun gé e kúrò, pé òun mọ ẹni tó ń rà á, pé owó rẹ̀ yóò bo gbogbo ohun tí mo ti ná. Ká má parọ́, ojú mi wọ̀ ọ́. Ìyàwó mi ló ní rárá. Ó ní, "Bàbá ọmọ, bí nǹkan náà kò bá níye lórí, kí ló dé tí wọ́n fi ń rà á?" Ọlọ́run ló ti ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé nǹkan iyebíye bíi platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú rẹ̀, tó ń bá wa fọ èéfín kó tó jáde. Ẹni tó bá gé e, ó ti ta ohun ìní rẹ̀, iná náà yóò sì tún máa tàn sí i ni.

ẸNU MI NI MO FI SỌ Ọ́

Ibi tí ìtìjú mi wà gan-an la dé yìí. Nínú oṣù kìíní ọdún 2024, mo ń gbé èrò lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìyá kan wọlé ní Dùgbẹ̀, ó jókòó síwájú, ó rí iná náà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé mọ́tò yín yìí kò ní dákú sójú ọ̀nà báyìí?" Kí n tó dá a lóhùn, ó ti ṣílẹ̀kùn, ó ti sọ̀ kalẹ̀. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn náà bá a sọ̀.

Inú bí mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wa mọ́tò lọ sọ́dọ̀ rìwáyà kan. Mo ní, "Iná yìí ti sú mi. N kò fẹ́ rí i mọ́." Ó wojú mi, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ kí n wá ìdí ẹ̀ ni, àbí ẹ kàn fẹ́ kí n bò ó?"

Mo ní, "Bò ó."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu èmi yìí náà ló jáde. Kò sí ẹni tó fi ìbọn sí mi lọ́rùn. Ọmọkùnrin yẹn bi mí ní ìbéèrè tó yẹ kó bi mí, èmi ni mo dáhùn bí òpè. Ó tú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó gé téèpù dúdú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ojú iná náà, ó tò ó padà. Ó gba 2,500 náírà. Mo wakọ̀ lọ sílé, mo ń súfèé bí ẹni tó ṣẹ́gun ọ̀tá. N kò mọ̀ pé téèpù tó lẹ̀ yẹn fẹ̀ ju iná kan lọ.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi gbádùn. Kò síná, kò séèrò tó ń sọ̀ kalẹ̀. Òótọ́ ni pé láràárọ̀ tí mo bá ta mọ́tò, èéfín tó ní àwọ̀ búlúù díẹ̀ máa ń jáde lẹ́yìn. Àbíkẹ́yìn mi tiẹ̀ sọ lọ́jọ́ kan pé, "Dádì, mọ́tò wa ń mu sìgá." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àṣé ọmọdé ló rí i, àgbà ni kò rí i. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìtètè mólè, olè ń mólóko.

LÁÀÁRÍN FÌDÍTÌ SÍ ÌLÓRÁ

Nínú oṣù kẹrin ọdún 2024 náà ni àkọ́bí mi obìnrin fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní JAMB. Ọ̀yọ́ ni ibi tí yóò ti ṣe tirẹ̀ bọ́ sí. Aago méje àárọ̀ ló gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu géètì. Ẹ̀yin òbí mọ ohun tí mò ń sọ: ọmọ tí ìdánwò yìí bá fò dá, ọdún kan gbáko ló lọ yẹn. Ọmọ náà ti kàwé títí ojú rẹ̀ fi wọnú. Mo sọ fún un pé kó má wulẹ̀ lọ sùn sílé ẹnikẹ́ni l'Ọ̀yọ́, pé èmi bàbá rẹ̀ ni yóò gbé e débẹ̀.

Aago márùn-ún ìdájí la kúrò nílé. A kọjá Mọ́níyà, a kọjá Akínyẹlé, a kọjá Fìdítì. Òjò ń wínníwínní. Ọmọ mi ń ka ìwé ìbéèrè ọdún tó kọjá nínú iná fóònù mi. Bí a ṣe ń sún mọ́ Ìlórá, mo gbọ́ ìró kan: kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ń fi òòlù lu irin. Mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Kò sí iná kankan níbẹ̀. Mo ní bóyá òkúta ló ta sábẹ́ mọ́tò. Mo tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ìró náà le sí i, mọ́tò gbọ̀n, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Mo yí kọ́kọ́rọ́, kò dáhùn. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọmọ mi ní, "Dádì, kí ló dé?" N kò mọ ohun tí mo lè sọ. A sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò, a ń nawọ́ sí ọkọ̀. Gbogbo ọkọ̀ akérò tó ń kọjá ló kún fọ́fọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn ọmọ tó ń lọ síbi ìdánwò kan náà ló kó. Nígbà tó yá, ọlọ́kadà kan dúró. N kò mọ̀ ọ́n rí láyé mi. Èmi tí n kì í jẹ́ kí ọmọ mi obìnrin gun ọ̀kadà n'Ìbàdàn, èmi ni mo gbé e gun ọ̀kadà àlejò lójú títì, nínú òjò, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Mo fún ọkùnrin náà lówó, mo kọ nọ́ńbà ọ̀kadà rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ Ọlọ́run. Ọmọ mi fi ọ̀rá wé ìwé ìdánwò rẹ̀, ó kì í mọ́ àyà. Wọ́n lọ.

Ẹ̀yin ará, mo dúró ti mọ́tò yẹn, mo sunkún. Ohun tó ń pa mí lẹ́kún kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ohun tó ń pa mí lẹ́kún ni pé bí ohunkóhun bá ṣe ọmọ yìí lọ́nà, ọ̀rọ̀ téèpù 2,500 náírà ni.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago méje lù, fóònù mi dún. Ọlọ́kadà náà ni. Ó ní, "Alàgbà, ọmọ yín ti wọlé o. Òjò pa á, ṣùgbọ́n ó ti wọlé." Títí di òní, tí ọdún bá yípo, mo máa ń pe ọkùnrin náà kí i.

BÀBÁ BÉÈRÈ NỌ́ŃBÀ

Wọ́n bá mi fi okùn wọ́ mọ́tò dé Ìlórá, sọ́dọ̀ makánííkì àgbàlagbà kan tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ ń pè ní Bàbá. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ó nù ún, ó tún kì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á yọ. Gbígbẹ ló gbẹ.

Ó ní, "Ìgbà wo lẹ wo ọ́ìlì kẹ́yìn?" N kò rántí. Ó ní, "Iná pupa ọ́ìlì ńkọ́? Èyí tó rí bí ìkòkò ọ́ìlì, ṣé kò tàn ni?" Mo ní kò tàn. Bàbá wọnú mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ láì ta á, ó ń fi ìka ka àwọn iná: "Ti bátìrì rèé. Ti bíréèkì rèé. Ti ọ́ìlì dà? Ti ẹ́ńjìnnì dà?" Ó bojú wẹ̀yìn wò mí.

Mo jẹ́wọ́. Mo rò pé yóò bú mi. Kò bú mi. Ó jókòó sórí táyà, ó ní, "Ta ló fi kọ̀ǹpútà wò ó nígbà àkọ́kọ́? Nọ́ńbà wo ló sọ?" Nínú gbogbo àwọn tó ti gba owó lọ́wọ́ mi, òun lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè nọ́ńbà. Mo ṣí àpótí iwájú, mo tú u títí, mo rí pépà pélébé yẹn. Ó ti wà nínú mọ́tò pẹ̀lú mi fún oṣù méje.

Bàbá gbé awò sójú. Ó ní P0171 túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ tó wà nínú ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jó pọ̀ ju epo tó yẹ kó bá a rìn lọ. Ó ní nọ́ńbà náà kò sọ pé kí a lọ ra sẹ́ńsọ̀, pé sẹ́ńsọ̀ gan-an ló fẹjọ́ sùn. Ó ní, "Ẹni tó wá sọ fún yín pé ilé ń jó, òun lẹ mú tì mọ́lé. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà yọ́ wọlé ló yẹ kí wọ́n wá." Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi rí i. Nǹkan kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ ni, PCV ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa da ooru àti èémí inú ẹ́ńjìnnì padà síbi tí yóò ti jóná. Ó mì í sí mi létí, ó ní bó bá dára, n ó gbọ́ tí nǹkan ń dún nínú rẹ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti há sílẹ̀ gbayawu, rọ́bà tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì sì ti sán. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé láìgbàṣẹ, ibẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì ti ń fa ọ́ìlì ara rẹ̀ mu díẹ̀díẹ̀, tó ń jó o. Èéfín búlúù tí ọmọ mi pè ní sìgá nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni iná náà ń sọ fún mi láti oṣù kẹjọ. Àwọn Yorùbá ní ẹni tí kò gbédè ẹyẹ ẹ̀ga ló ń sọ pé ẹ̀ga ń pàtótó. Èmi ò gbédè rẹ̀, mo wá di í lẹ́nu.

Ẹ BÁ MI ṢÍRÒ

Púlọ́ọ̀gì, 12,000 náírà. Fífa epo àti fífọ nọ́súlù, 15,000. Sẹ́ńsọ̀ àti owó iṣẹ́, 30,000. Pípa iná lẹ́ẹ̀mẹjọ, 24,000. Téèpù, 2,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 83,500 náírà. PCV àti rọ́bà rẹ̀ tó yẹ kí n rà láti ìbẹ̀rẹ̀, 8,500 náírà péré ni wọ́n. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ó ti nọ́kù. Tòkunbọ̀ ẹ́ńjìnnì tí mo rà dípò rẹ̀, pẹ̀lú owó iṣẹ́, 500,000 náírà ló jẹ mí. Mo tún padà lọ yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù mi lóṣooṣù.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ MÚ LỌ SÍLÉ

N kì í ṣe makánííkì, ṣùgbọ́n ẹni tí ejò ti bù jẹ rí lè júwe ihò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, mo sì ń kà á. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí kọ́.

Èkíní, ẹ máa béèrè nọ́ńbà. Láti ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní irú ihò kan náà tí wọ́n ń ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ̀. Nítorí náà, Tòkunbọ̀ tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá ní in lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú awakọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà náà fún yín kí wọ́n tó pa á rẹ́, kí ẹ sì tọ́jú pépà náà ju bí èmi ṣe tọ́jú tèmi lọ. Ẹ rántí pé nọ́ńbà máa ń sọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ni. Kì í sọ ohun tí a ó lọ rà.

Èkejì, pípa iná kì í ṣe àtúnṣe. Ẹni tó yọ orí bátìrì àti ẹni tó fi kọ̀ǹpútà pa á, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe: wọ́n mú kí kọ̀ǹpútà inú mọ́tò gbàgbé ohun tó rí ni. Yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara mọ́tò wò lákọ̀tun, ọ̀pọ̀ àìsàn sì wà tó jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ rí wọn nínú ìrìn méjì tó tẹ̀ léra kó tó tanná. Ìdí nìyẹn tí tèmi fi máa ń padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún. Nítorí náà, bí wọ́n bá tún mọ́tò yín ṣe lónìí tí iná kú, ẹ má tíì jó. Ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ kan ná.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ àwọ̀ iná. Bí iná ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ ọsàn bá tàn tó dúró sójú kan, tí mọ́tò ń rìn dáadáa, ẹ lè wà á dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò wò ó, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Bó bá ń ṣẹ́jú, tó ń tàn tó ń kú, ẹ rọra, kí ẹ wá ibi dúró. Epo tí kò jóná ló ń ṣàn lọ bá kátálíìsì yẹn, ooru rẹ̀ sì lè bà á jẹ́ pátápátá. Bí iná pupa ọ́ìlì tàbí ti ooru ẹ́ńjìnnì bá tàn, ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì: ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ pa mọ́tò. Iná ọ́ìlì kì í sọ pé ọ́ìlì ń dín kù o. Ohun tó ń sọ ni pé ọ́ìlì kò lágbára láti dé ibi tó yẹ kó dé mọ́. Nítorí náà, ẹ máa fa irin ọ́ìlì yọ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má dúró de iná.

Ẹ̀kẹrin, fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra Tòkunbọ̀: kí ẹ tó ta á, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, kí ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná ẹ́ńjìnnì àti iná ọ́ìlì yẹ kí wọ́n tàn níbẹ̀, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn. Bí ẹ kò bá rí wọn rárá, ẹ máa sá lọ. Ẹnì kan bí èmi ti ní in ṣáájú yín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò kọ̀wé sí olóòtú pé àwọn makánííkì ló jẹ̀bi. Ẹ̀bi wọn wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ẹni tó ń gba 3,000 náírà láti pa ohun tó mọ̀ pé yóò padà, Ọlọ́run ń wò ó. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin rìwáyà yẹn bi mí bóyá kí òun wá ìdí rẹ̀ ni tàbí kí òun bò ó. Èmi ni mo yàn. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ohun tí mo sì ṣe gan-an nìyẹn.

Ọmọ mi yege, ó ti wọ yunifásítì. Nígbà tó bá wálé, tí a bá jọ fẹ́ jáde, kì í jẹ́ kí n ta mọ́tò. Á ní, "Dádì, ẹ dúró ná." Á naka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ti bátìrì, ti bíréèkì, ti ọ́ìlì, ti ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá pé, á ní ká máa lọ.

Láìpẹ́ yìí, iná aláwọ̀ ọsàn yẹn tún tàn. Àyà mi là gààrà! Ṣùgbọ́n n kò pe ẹnikẹ́ni pé kó wá pa á. Mo ti ra ẹ̀rọ kékeré tí èmi fúnra mi fi ń ka nọ́ńbà. P0455 ló kọ. Ó ní ooru epo ń jò níbì kan. Mo lọ sẹ́yìn mọ́tò, mo rí i pé ọmọ tó ta epo fún mi kò dé ìdérí táǹkì dáadáa. Mo yí i títí ó fi dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀. N kò fọwọ́ kan iná náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, òun fúnra rẹ̀ ló kú.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà Oní-Téèpù,
Ìbàdàn.